Ewúro Ẹ̀yìn Ilé Tíṣà

Bọ́látitó Adépọ̀jù kì í jẹ ewúro. Láti kékeré ni. Bí wọ́n bá se ọbẹ̀ ewúro nílé wọn ní Òdòjọ̀mù, nílùú Oǹdó, á fi òkèlè ti ewé sí etí abọ́, á jẹ ẹran, á jẹ iyán, á sì fi ewé sílẹ̀ níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ nà án títí ó fi sú u.

Ohun tó wá ń pa àwọn tó mọ̀ ọ́n lẹ́rìn-ín ni pé ewúro náà ló di iṣẹ́ rẹ̀. Yunifásítì kan ní Àkúrẹ́ ló ti ń kàwé gba oyè ọ̀mọ̀wé, ewúro ló sì gbé lọ síbẹ̀. Àmọ́ ohun tó ń wá nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí alásè ń wá.

Inú ọpọlọ ènìyàn kún fún sẹ́ẹ̀lì, wọ́n pọ̀ bí iyanrìn. Nínú sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan, pùròtéènì kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ okùn. Bí ilé ni sẹ́ẹ̀lì rí: okùn náà ló so àwọn òpó rẹ̀ pọ̀ kí ilé má bàa wó. Bí àrùn iyè-rírà bá dé, okùn náà á tú kúrò lára òpó, á máa lọ́ mọ́ ara rẹ̀, á ta kókó bí irun tí a kò yà fún oṣù kan. Òpó á yẹ̀, ilé á wó. Bí irú ilé bẹ́ẹ̀ bá ti pọ̀ lórí ènìyàn, onítọ̀hún á bẹ̀rẹ̀ sí í wá gíláàsì rẹ̀ kiri nígbà tó wà lójú rẹ̀.

Bọ́látitó ń sin sẹ́ẹ̀lì bí ẹni ń sin adìyẹ. Inú abọ́ pẹlẹbẹ ni wọ́n wà, nínú àpótí kan tó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí ara ènìyàn. Omi pupa rúsúrúsú kan ni oúnjẹ wọn. Wọn kì í mọ Àìkú yàtọ̀ sí Ajé, wọn kì í mọ Kérésì, wọ́n gbọ́dọ̀ jẹun. Bí iná bá lọ tí sólà kò sì gbé àpótí wọn, wọ́n kú nìyẹn. Wọ́n ti ṣe é kí okùn inú wọn máa ta kókó, kí kókó náà sì máa tàn bí tanátaná lábẹ́ awò amúǹkantóbi. Iṣẹ́ Bọ́látitó ni kí ó ro oje ewé sí wọn, kí ó wò ó bóyá kókó dín.

Ẹni tó bá mọ ìyá rẹ̀ kì í bi í léèrè ohun tó mú un yan irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Tíṣà ni gbogbo Òdòjọ̀mù ń pe ìyá náà. Ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ìjọ kan ló ti kọ́ni títí ó fi fẹ̀yìn tì. Ó mọ orúkọ ọmọ tó kọ́, ó mọ orúkọ bàbá ọmọ, ó sì mọ èyí tó ń jí ṣọ́ọ̀kì nínú wọn. Ọjọ́ kan ló wọṣọ ṣọ́ọ̀ṣì jáde, ó gba ọ̀nà àdúgbò Yàbá lọ, ó wọ ilé onílé, ó jókòó, ó ní kí wọ́n lu agogo kí àwọn ọmọ tò. Àwọn onílé náà mọ̀ ọ́n. Wọ́n fún un lómi, wọ́n sìn ín wálé. Láti ọjọ́ náà ni àbúrò rẹ̀ obìnrin, Àánú, tó ń ránṣọ, ti kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ wá bá a gbé.

Igi ewúro kan wà lẹ́yìn ilé wọn, lẹ́bàá kànga. Ó ti ga ju ògiri lọ.

Ní àsìkò Àjíǹde, Bọ́látitó lọ kí ìyá rẹ̀. Nígbà tó fẹ́ máa padà, ó já ewé igi náà, ó gbé e lọ sí Àkúrẹ́, ó sá a sí ibi tí oòrùn kò dé. Nígbà tó gbẹ, ó lọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́ sínú ọtí líle, ó sẹ́ ẹ, ó fẹ́ ọtí náà gbẹ. Ohun tó ṣẹ́kù kò pọ̀, ó sì dúdú bí ọ̀dà. Ó yọ bíńtín nínú rẹ̀, ó pò ó, ó ro ó sí sẹ́ẹ̀lì.

Kókó dín. Kò tán, ṣùgbọ́n ó dín, ojú sì rí i.

Ó pe Ayọ̀délé wá wò ó. Ọmọ Òkìtìpupa ni Ayọ̀délé, àwọn méjèèjì jọ ń lo láàbù kan náà ni, ewé mìíràn ni tirẹ̀. Ayọ̀délé tẹjú mọ́ awò náà pẹ́.

“Háà! Ìwọ tí o kì í jẹ ẹ́ ló wá ń ṣe lóore.”

Wọ́n gbé e lọ bá Ọ̀jọ̀gbọ́n Ọlábọ̀dé tó ń darí iṣẹ́ wọn. Obìnrin ará Ìkàrẹ́ ni, kì í yin ènìyàn lójú ẹsẹ̀. Ó wo àwòrán náà, ó yọ gíláàsì rẹ̀.

“Ó dára. Tún un ṣe.”

“Mo ti ṣe é dáadáa, mà.”

“Mo gbọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, àlá ni. Tún un ṣe.”

Ewé ti tán nílẹ̀. Ẹni tó ń sin sẹ́ẹ̀lì kì í rìn jìnnà, nítorí náà Bọ́látitó fóònù Àánú.

“Àǹtí mi, ẹ bá mi já ewúro ẹ̀yìn ilé. Kí ẹ sá a sínú ilé o, ẹ má gbé e sí oòrùn. Tó bá gbẹ, ẹ fi rán dírẹ́bà sí mi.”

“Ewúro? Ìwọ Bọ́lá?”

“Iṣẹ́ ni, mà.”

“Olúwa ṣe é! Tíṣà, ẹ gbọ́ o, Bọ́látitó ń bèèrè ewúro!”

Ewé náà dé ní gáréèjì, inú àpò kan, ó gbẹ, ó mọ́ tónítóní. Bọ́látitó lọ̀ ọ́, ó rẹ ẹ́, ó sẹ́ ẹ bó ṣe ṣe ti àkọ́kọ́. Kókó kò dín. Ó wà níbẹ̀ bó ṣe wà.

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹ̀sùn. Ó fẹ̀sùn kan iná tó lọ lọ́jọ́ kan. Ó fẹ̀sùn kan ọtí, ó ra òmíràn. Ó fẹ̀sùn kan sẹ́ẹ̀lì, ó yọ ọ̀tun nínú yìnyín, ó sìn wọ́n dàgbà. Ó ní bóyá òjò tó ti bẹ̀rẹ̀ ló mú kí ewé náà lómi nínú. Àánú fi òmíràn ránṣẹ́. Bákan náà ló rí.

Òfin láàbù ni pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹnu kan ohunkóhun níbẹ̀. Òfin tó dára ni. Ẹlòmíràn ì bá ti tọ́ ewé yẹn wò níta kó tó gbé e wọlé, ṣùgbọ́n Bọ́látitó kọ́. Ẹni tí kò jẹ ewúro tútù, ṣé gbígbẹ ni yóò jẹ?

Ní ọjọ́ kan tí Bọ́látitó gbé ojú kúrò nínú awò, Ayọ̀délé ní, “Mo ti mọ ohun tó ṣe ewúro rẹ. Àrùn tó fẹ́ wò ló ti ràn án. Ó ti gbàgbé iṣẹ́ rẹ̀.”

Bọ́látitó kò rẹ́rìn-ín. Ayọ̀délé wò ó, ó rántí ohun tó ti gbọ́ nípa Tíṣà ní Oǹdó.

“Má bínú, Bọ́lá. Ẹnu mi ló máa ń ṣáájú mi dé ibi gbogbo.”

“Kò burú.”

“Ó burú. Jẹ́ kí n bá ọ fọ àwọn ìgò yìí.”

Ó sì fọ̀ wọ́n.

Ọ̀jọ̀gbọ́n ránṣẹ́ pè é lọ́jọ́ kejì.

“Bọ́látitó, ọjọ́ ń lọ. Oyè rẹ gbọ́dọ̀ parí. Bí èyí tó kàn kò bá ṣe é, a ó gbé ewúro sílẹ̀. Wá sórí ewé tí Ayọ̀délé ń lò, ẹ ó pín in ṣe.”

“Ẹ jẹ́ kí n lọ já a fúnra mi, mà. Ẹ̀ẹ̀kan péré.”

“Ta ni yóò bọ́ sẹ́ẹ̀lì rẹ?”

“Ayọ̀délé ní òun yóò bọ́ wọn.”

“Ayọ̀délé tí kì í rántí bọ́ ara rẹ̀?” Ọ̀jọ̀gbọ́n mi orí. “Máa lọ. Kí o sì tètè dé.”

Kí wọ́n gbé ewúro sílẹ̀ kò ní kí Bọ́látitó má gboyè. Ìyẹn kọ́ ló ń dùn ún. Láti Àjíǹde ni ọ̀rọ̀ kan ti wà nínú rẹ̀ tí kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí ó mọ̀ pé akẹ́kọ̀ọ́ kì í sọ irú rẹ̀: pé bóyá ohun tí yóò mú ìyá òun tún mọ òun ń hù lẹ́bàá kànga tí wọ́n ti ń pọnmi látijọ́. Bí wọ́n bá gbé e sílẹ̀, ọ̀rọ̀ náà kú nìyẹn.

Ó wọ ọkọ̀ ní ọjọ́ Ẹtì. Wọ́n kọjá Òwènà, wọ́n kọjá Bọ́lọ́rundúró, oòrùn sì ti rọlẹ̀ kó tó dé Òdòjọ̀mù. Tíṣà jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti fi gèlè dúdú wé orí, bàtà rẹ̀ sì wà lẹ́sẹ̀ méjèèjì.

Bọ́látitó kúnlẹ̀. “Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Màámi.”

Ìyá náà wò ó, ó wo báàgì rẹ̀, ó tún ara ṣe lórí àga.

“Ẹ káàbọ̀, Ìsípẹ́kítọ̀. Ṣé láti ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́ ní Alágbàká lẹ ti ń bọ̀?”

Nígbà kan rí, Bọ́látitó máa ń sọ pé, “Èmi ni, Màámi, Bọ́látitó ni.” Nígbà tó sọ ọ́ kẹ́yìn, ẹ̀rù ba ìyá náà, ó sunkún pé ẹnì kan fẹ́ gba ipò ọmọ òun. Kò sọ ọ́ mọ́.

“Láti Àkúrẹ́ ni, mà.”

“Àwọn ọmọ ti jáde. Ẹ ò sì kọ̀wé sí wa pé ẹ ń bọ̀.”

“Ẹ má bínú, mà. N ó sùn di ọ̀la.”

“Ìsípẹ́kítọ̀ tí yóò sùn!” Tíṣà fi ọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín. “Ìjọba ti yí padà. Àánú! Bu omi fún àlejò.”

Bọ́látitó fẹ́ jí ní kùtùkùtù kí ó já ewé fúnra rẹ̀, àmọ́ ó ti rẹ̀ ẹ́, oorun gbé e lọ. Àánú wò ó níbi tó sùn sí, ó ní kí ọmọ náà sinmi. Ó bọ́ sẹ́yìn ilé, ó bá a já ewúro kún agbọ̀n, ó gbé e sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó padà wọlé lọ dá iná.

Nígbà tí Bọ́látitó máa fi jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu, agbọ̀n ti ṣófo.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́bàá kànga. Ó jókòó sórí àpótí, ó ká apá aṣọ sókè, báàfù wà níwájú rẹ̀. Ewúro ló ń gbo. Ìfófòó aláwọ̀ ewé ń hó dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Ó fún ewé náà, ó kó o sókè, ó da omi nù, ó bu òmíràn, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ó ń kọrin tí àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ fi ń tò wọ kíláàsì. Ọwọ́ tí kò mọ bọ́tìnnì í dè mọ́ kò jẹ́ kí ewé kan bọ́ sílẹ̀.

Bọ́látitó tu ọṣẹ ẹnu rẹ̀ dànù.

“Ẹ káàárọ̀, mà. Kí lẹ ń ṣe?”

“Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ ò mọ ewúro ni?”

“Mo mọ̀ ọ́n, mà. Ta ló ní kí ẹ gbo ó?”

“Ta ni yóò ní kí n gbo ó? Ọmọ mi ló ni ín. Àánú ló sọ bẹ́ẹ̀. Bọ́látitó wà ní Àkúrẹ́, iṣẹ́ ńlá ló ń ṣe níbẹ̀.” Ó rẹ ohùn sílẹ̀ bí ẹni tó ń sọ ọ̀rọ̀ ọmọ kan fún ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́. “Ọmọ yẹn, kì í jẹ ohun kíkorò. Mo nà án, nà án, kò jẹ. Mo wá rí i pé tí mo bá gbo ó títí omi rẹ̀ fi mọ́, á jẹ díẹ̀, kò sì ní mọ̀. Àánú kò lè gbo ó débẹ̀. Àánú ń kánjú.”

Bọ́látitó lóṣòó. Ó mú ewé kan nínú báàfù, ó fi í sẹ́nu, ó jẹ ẹ́. Kò korò. Kò dùn. Bí ìgbà tí ènìyàn jẹ ìwé ni. Ó ti ìka bọ ibi tí ìyá rẹ̀ da omi àkọ́kọ́ sí, tí ó ṣì dúró nínú kòtò sìmẹ́ǹtì lẹ́nu kànga, ó lá a.

Ó korò dé etí.

Àánú yọ sí wọn pẹ̀lú abẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́.

“O ti jí? Mo ti bá ọ já a.”

“Àǹtí mi, àwọn ewé tí ẹ fi ń ránṣẹ́, ṣé wọ́n ń gbo wọ́n báyìí ni?”

“Gbogbo rẹ̀. Àbí kò dáa ni? Èmi rò pé ibi iṣẹ́ yín, ewé eléruku kò gbọdọ̀ débẹ̀.” Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sún mọ́ Bọ́látitó. “Bọ́lá, ọjọ́ tó bá rí ewúro gbo, kì í wá ọ̀nà àtijáde. Kì í bá mi jà. Ṣé èmi ni yóò gbà á lọ́wọ́ rẹ̀?”

Bọ́látitó fẹ́ bínú, kò rí ẹni tí yóò bínú sí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́bàá báàfù. Iṣẹ́ oṣù púpọ̀ ni wọ́n ti dà sínú kòtò yẹn, omi kan tẹ̀lé òmíràn, nítorí kí òun lè jẹun.

Nígbà tó yá ó dìde, ó já ewé tútù mìíràn lórí igi náà, ó dì í sọ́tọ̀. Ó bu èyí tí ìyá rẹ̀ ti gbo, ó dì í sọ́tọ̀. Ó tún ní kí ìyá náà bá òun gbo ẹ̀kúnwọ́ mìíràn, ó sì gbé ìgò sábẹ́ omi àkọ́kọ́ kí ó tó dà á nù.

“Omi ìdọ̀tí yìí ńkọ́, Ìsípẹ́kítọ̀?”

“Mò ń gbé e lọ sí Àkúrẹ́, mà.”

“Kí wọ́n lè rí iṣẹ́ wa?”

“Kí wọ́n lè rí iṣẹ́ yín, mà.”

Tíṣà nu ọwọ́ rẹ̀. “Ẹ bá mi sọ fún wọn pé a ò fi ìdọ̀tí sí i.”

Kúlà tí Àánú fi ń ta omi tútù níwájú ilé ni ó gbé ìgò náà sí títí dé Àkúrẹ́.

Ó ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó gba oje ewé tútù, kókó inú wọn dín. Èyí tó gba oje ewé tí wọ́n ti gbo, kókó kò dín. Èyí tó gba ohun inú omi tí wọ́n fi gbo ó, kókó dín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ohun tí wọ́n ń wá kò sí nínú ewé tí ènìyàn ń jẹ. Inú omi tí ènìyàn ń dà nù ló wà.

Ọ̀jọ̀gbọ́n wo àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Ta ló ronú kan omi?”

“Ìyá mi ló gbo ó, mà.”

“Fún ìwádìí yìí?”

“Rárá, mà. Nítorí pé n kì í jẹ ewúro.”

Ọ̀jọ̀gbọ́n gbé ojú sókè, ó wò ó. “Tún un ṣe,” ló wí.

Ó tún un ṣe, ó jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wọn kò gbé ewúro sílẹ̀ mọ́. Ayọ̀délé ní òun náà yóò gbé ewé tòun lọ fún ìyá òun ní Òkìtìpupa kó bá òun fọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n Bọ́látitó rí ohun mìíràn pẹ̀lú. Nínú abọ́ tó ro oje náà sí díẹ̀ jù, kò sí àyípadà. Nínú abọ́ tó ro ó sí púpọ̀, kókó tán, sẹ́ẹ̀lì náà sì tán pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n kú, wọ́n léfòó. Ó kọ ohun tó rí sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ló fọ abọ́ náà.

Nígbà tí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀, ó tún lọ sí Oǹdó. Àánú dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Bọ́látitó ti sọ ọ̀rọ̀ omi náà fún un lórí fóònù.

“Bọ́lá, mo fẹ́ bi ọ́. Omi yẹn, ṣé kí n máa fún un mu?”

“Ẹ má fún un, Àǹtí mi.”

“O ní ó ń tú kókó.”

“Inú abọ́ ló ti ń tú u. Abọ́ kì í ṣe ènìyàn. Tó bá pọ̀ díẹ̀, ó ń pa sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀, a ò sì tíì mọ bí díẹ̀ ṣe ń jẹ́ nínú orí ènìyàn. A ò mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ ń dé orí.”

“Ìgbà wo lẹ máa mọ̀?”

“Ó máa pẹ́.”

“Ṣé yóò bá a láyé?”

Bọ́látitó bọ́ bàtà rẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Àánú gba báàgì lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n wọlé.

Iyán àti ọbẹ̀ ewúro wà nílẹ̀, ẹ̀gúsí ni wọ́n fi sè é. Tíṣà ló gbo ewúro náà. Bọ́látitó jẹ ẹran, ó jẹ iyán, ó jẹ ewé, kò ti nǹkan kan sí etí abọ́. Tíṣà ń wò ó.

“Ìsípẹ́kítọ̀, ẹ mọ ewúro í jẹ ju ọmọ mi lọ.”

“Ó dùn, mà. Ẹ gbo ó dáadáa.”

Lẹ́yìn oúnjẹ, Bọ́látitó gbé agbọ̀n méjì kalẹ̀ níwájú ìyá rẹ̀. Ọ̀kan funfun, ọ̀kan pupa. Ó ti bá Àánú sọ̀rọ̀ pé òun ni kó máa ṣọ́ pupa.

“Mà, iṣẹ́ tí wọ́n rán mi láti Àkúrẹ́ nìyí. Ewúro tó bá wà nínú agbọ̀n funfun, ẹ máa bá wa gbo ó bí ẹ ṣe ń gbo ó. Kí ẹ máa bu omi rẹ̀ sínú ìgò. Èyí tó bá wà nínú pupa, kí ẹ má fọwọ́ kàn án.”

Tíṣà wo agbọ̀n méjèèjì bí ẹni tí wọ́n fún ní kíláàsì tuntun. Ó fi ìka kan funfun, ó fi ìka kan pupa.

“Èyí tí a kò gbo, ta ni yóò jẹ ẹ́?”

“Kò sẹ́ni tí yóò jẹ ẹ́, mà. Iṣẹ́ ni a fẹ́ fi ṣe.”

“Ó dáa.” Ó ronú díẹ̀. “Ẹ ṣáà má fún Bọ́látitó nínú rẹ̀.”

“N ò ní fún un, mà.”

“Kì í jẹ ohun kíkorò.”

“Mo mọ̀, mà.”

Ọkọ̀ ìrọ̀lẹ́ kò ní pẹ́ lọ, sẹ́ẹ̀lì sì ń dúró de oúnjẹ. Bọ́látitó kúnlẹ̀ láti dágbére. Tíṣà na ọwọ́ sí i pé kí ó má kúnlẹ̀ mọ́, pé Ìsípẹ́kítọ̀ kì í kúnlẹ̀ fún tíṣà. Ọwọ́ náà ṣì ń rùn ewúro. Bọ́látitó dì í mú fún ìṣẹ́jú kan, ó dìde, ó gbé báàgì rẹ̀, ó sì lọ.